Ẹ Lọ Wo Iṣẹ́ Náà Kí Ẹ Tó Tọrọ Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Ọ̀kun Tó Fẹ́ Di Dókítà Ẹran

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn òbí wọn sọ ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogi, nìyí, nígbà tí àwọn ọmọ wálé fún ìsinmi. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ Ìjùmú, Yàgbà, Búnú, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Kàbà tó jókòó síbí, mo kí yín o. Ọ̀kun o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ooru.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní yunifásítì lọ́wọ́ ni mo wá bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka bàọ́lọ́jì, maikirobaọ́lọ́jì, bayokẹ́mísìrì tàbí ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, tí ọkàn yín sì wà lọ́dọ̀ ìṣègùn ẹran. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí kò ju ọ̀kan lọ: kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè gbà mí? Ohun tí mo máa ń dá yín lóhùn náà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ lọ wo iṣẹ́ náà kí ẹ tó tọrọ rẹ̀. Ẹ wo ibi tó dùn nínú rẹ̀, ẹ sì wo ibi tó le. Ìlú yín níbí yìí tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ la ọ̀nà sílẹ̀, nítorí àwọn òbí máa ń dà á pọ̀. Ní Nàìjíríà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran tààrà. Yóò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ṣe JAMB, ìṣirò yóò wà nínú kírẹ́díìtì márùn-ún rẹ̀, yóò sì lo ọdún mẹ́fà kó tó gba oyè dókítà ẹran (DVM). Ẹni tó ti ní dìgírì sáyẹ́ǹsì tó bá a mu, tàbí tó ṣe ìdánwò IJMB, lè gba Direct Entry wọ ipele 200. Òfin ilé ẹ̀kọ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti sẹ́kọ́ńdìrì náà ni wọ́n ti ń wọlé, ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọdún bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní yunifásítì, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́rin ìṣègùn ẹran.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú dìgírì kan ni ọ̀rọ̀ mi bá wí jù, ìbáà jẹ́ Zaria, Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Abẹ́òkúta lẹ ń fojú sí, ìbáà sì jẹ́ òkè òkun. Ẹ má sọ pé ọdún yín ti ṣòfò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Kàbà yìí, abẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, yunifásítì kan náà tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹran ní Zaria. Ẹni tó bá ń fọ ilé adìẹ níbí, tó ń wọn oúnjẹ ẹran, tó ń kọ iye ẹyin sílẹ̀, ti ń ṣe apá kan iṣẹ́ náà, bó bá ṣáà ti la ojú rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti kẹ́mísìrì, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ yín sá. Ẹ máa ń bi mí pé kí ni kẹ́mísìrì kan ewúrẹ́. Gbogbo wa níbí ló ti rí ewúrẹ́ tó já okùn, tó wọ ibi tí wọ́n kó àgbàdo sí, tó jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Lọ́jọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ wú, kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣàn bí omi. Nígbà mìíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kú. Ìyá àgbà á ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Nínú ṣàkì ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni àìmọye bakitéríà ń gbé, àwọn ló ń bá a fọ́ koríko. Bí àgbàdo bá ya wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn bakitéríà tó fẹ́ràn sítáàṣì á pọ̀ bí eṣú, wọ́n á sì máa tú ásíìdì jáde. Ásíìdì yìí á pa àwọn bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ lórí koríko, á bó ògiri ṣàkì, á fa omi ara ewúrẹ́ wọ inú ikùn, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí pH jẹ́, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó, máa lóye ikú yẹn, ó sì máa mọ ìdí tí a fi ń fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń pa ásíìdì kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Ẹni tó kàn há kẹ́mísìrì sórí fún ìdánwò máa dúró lórí ewúrẹ́ náà bí ìyá àgbà ṣe dúró.

Ìṣirò náà kò yàtọ̀. Bí ewúrẹ́ bá wọn kílò 20, tí oògùn rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 400 ló máa gbà. Bí mílílítà kan nínú ìgò bá ní mílígíráàmù 200, mílílítà 2 ni ká fà. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi òdo kan lé e, mílílítà 20 ló máa gún ẹran aláìṣẹ̀. Jẹ́nẹ́tíìsì, bayokẹ́mísìrì, maikirobaọ́lọ́jì, sítátísíìsì, físíìsì: ẹ gba gbogbo wọn, ẹ sì kà wọ́n dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń wo máàkì àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyí lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí CGPA yín lápapọ̀, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún orúkọ tó wà lórí dìgírì náà.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ẹran tó dá ṣáṣá ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Mo rí i pé gbogbo ọmọ ló fẹ́ rí àìsàn, gbogbo wọn ló fẹ́ rí iṣẹ́ abẹ. Ta ló ń fẹ́ jókòó lórí àpótí fún wákàtí kan, kó máa wo ewúrẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe? Ẹni tó bá jókòó bẹ́ẹ̀ á mọ bí ó ṣe ń mí lábẹ́ ìbòòji àti bí ó ṣe ń mí nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà. Á mọ bí etí rẹ̀ ṣe ń jù, bí ó ṣe ń pọ oúnjẹ padà sẹ́nu tó sì ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí ìyá ṣe ń dún pe ọmọ. Ìgbóná ara ewúrẹ́ tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 38.5 sí 39.7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti ajá rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ti adìẹ a sì máa kọjá 41. Oyún ewúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 150, ti ẹlẹ́dẹ̀ 114, ti ajá nǹkan bí 63. Ẹ lè há ìwọ̀nyí sórí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tí ẹ kò lè há sórí ni ojú tó mọ̀ pé ewúrẹ́ tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kò dúró bó ṣe máa ń dúró. Wíwò lemọ́lemọ́ ló ń fún ènìyàn ní ojú yẹn.

Ẹ gbé e wá sí àgbàlá yín. Kò sí ilé kan ní Isánlú, Mopá, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìyàrà tí kátà kò tíì pa ewúrẹ́ rí. Imú á máa ṣe ikun, ojú á máa ṣe ìpín, egbò á yọ sí ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ikọ́ á sì parí rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, PPR ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé lára ewúrẹ́ kan tó kú ní Nàìjíríà ní ọdún 1975 ni wọ́n ti yọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé fún àrùn yìí. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀ títí dòní, ó sì ń gba ewúrẹ́ àti àgùntàn là ní Éṣíà bó ṣe ń gbà wọ́n là nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń gún un, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ayé ti pinnu láti pa àrùn náà run tó bá di 2030. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí: rinderpest, àrùn tó ń gbá màlúù lọ bí ìkún omi, ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé kò sí láyé mọ́. Òun ni àrùn kejì tí ọmọ ènìyàn pa run, lẹ́yìn ṣànpọ̀nná. Síbẹ̀, ẹ lọ sí òpópónà kan ní ìlú yín, ẹ bèèrè ewúrẹ́ mélòó ló ti gba abẹ́rẹ́ kátà. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ló ń ba mi nínú jẹ́ ju ohunkóhun lọ nínú iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni ó mú kí n máa pe ẹ̀yin ọ̀dọ́ sí i.

Níbo wá ni kí ẹ ti rí iṣẹ́ náà? Ilé ìpẹran ni mo fẹ́ràn jù láti rán ọmọ lọ. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ kí àwọn alápatà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ bẹ ẹni tó ń yẹ ẹran wò pé kó jẹ́ kí ẹ dúró tì í. Ṣàkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i tó là sílẹ̀, pẹ̀lú koríko ìjẹta nínú rẹ̀. Ẹ máa rí fùkù tó dára, tó rọ̀ bí kànìnkànìn, ẹ sì lè rí èyí tó ní kókó líle tó ń mú ènìyàn ronú nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ máa rí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n là, tí kòkòrò pẹlẹbẹ bí ewé ń yọ jáde nínú ọ̀nà òróòro rẹ̀. Ìgbín inú omi kékeré ló ń gbé kòkòrò yẹn kó tó dé ara koríko tí màlúù jẹ ní bèbè odò. Bí ẹ bá padà dé kíláàsì tí olùkọ́ yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa aràn, ẹ ti rí ohun tó ń sọ.

Ibòmíràn ni gáà àwọn Fúlàní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní agbègbè wa, ọ̀nà wa pàápàá kò sì fọkàn ẹni balẹ̀ lásìkò yìí. Nítorí náà, ẹ má dá lọ, ẹ má sì lọ láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n mọ̀ mú yín lọ, bíi òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìlera ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó ti ń tọ́ màlúù láti ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ohun tí ìwé kò kọ.

Bí àkókò IT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí yunifásítì ń rán yín lọ, bá sì ti dé, ẹ má fi oṣù mẹ́fà yẹn jókòó sí ọ́fíìsì tí ẹ ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ẹran, sí oko adìẹ tó ní dókítà, sí láàbù. Ìlọrin kò jìnnà sí ará Ẹ̀gbẹ̀, yunifásítì ibẹ̀ sì ní ilé ìwòsàn ẹran tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà Jos, kó wádìí nípa ilé ìwádìí tó wà ní Vom. Láti 1924 ló ti wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹran ilẹ̀ yìí ń gbà.

Mo fẹ́ fi ohùn líle sọ èyí tó kàn. Ẹ má gba síríńjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gún ẹran aládùúgbò. Dókítà tó ní ìwé ẹ̀rí Veterinary Council nìkan ni òfin fún ní àṣẹ láti tọ́jú ẹran bẹ́ẹ̀. Ọjà wa kún fún àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ bí ẹní ń ta bisikíìtì, tí wọ́n ń gún adìẹ lónìí tí wọ́n sì ń tà á lọ́la fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, tòun ti oògùn nínú ẹran rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bakitéríà ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn tí àwa náà ń lò nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti di ẹran mú, láti wò, láti bèèrè, láti kọ sílẹ̀, àti láti fọ ohun tó bá dọ̀tí.

Ẹ sì dáàbò bo ara yín. Kí ẹ tó máa fọwọ́ kan ajá tí ẹ kò mọ̀, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ló ń kú nípasẹ̀ rẹ̀ lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò sí oògùn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé oyún tí màlúù tàbí ewúrẹ́ ṣẹ́. Bí màlúù bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde nímú àti ní ìdí rẹ̀, ẹ má ṣí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ún. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà. Ní oṣù keje 2023, wọ́n rí anthrax, àrùn tó ń pa màlúù bẹ́ẹ̀, nínú oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger tó bá tiwa pààlà.

Ó kù díẹ̀ nípa ìwé kíkọ. Ẹ ra ìwé kan tó ní èèpo líle. Ọjọ́, ibi tí ẹ wà, iye wákàtí, irú ẹran, ohun tí ẹ rí, ẹni tó ń darí yín, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà kò lè ṣe é láìsí ìwé yìí. Ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní VMCAS ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ń lò láti gba orúkọ. Wọ́n máa ń ya wákàtí tí ẹ lò lábẹ́ dókítà ẹran sọ́tọ̀ sí èyí tí ẹ fi tọ́ ẹran fúnra yín, ìwádìí náà ní àyè tirẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá yín tí ẹ ń fún lóúnjẹ wà nínú apá kejì, ẹ má tijú láti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀kan wá láti ọwọ́ dókítà ẹran. Dókítà tí ẹ rí lẹ́ẹ̀mejì péré kò ní ohun tó máa kọ. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ dé kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ẹ kò sá nígbà tí ìgbẹ́ màlúù ta sí yín láṣọ, òun ló máa kọ lẹ́tà tí wọ́n máa kà tán.

Mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ níwájú kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé ọmọ òun obìnrin ló ń sọ pé òun fẹ́ ṣe é, ṣé agbára rẹ̀ gbé e. Bàbá, nínú àwọn tó ń ka iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà lónìí, obìnrin ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún. Kò sí ọkùnrin tó lágbára ju màlúù lọ. Ọgbọ́n, okùn àti igi ìdè la fi ń mú un, ọgbọ́n kò sì mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Àwọn mìíràn ń sọ pé dókítà màlúù kì í ṣe dókítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori, ọ̀kan nínú àwọn tí ayé mọ̀ jù nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì nílẹ̀ Áfíríkà, ìṣègùn ẹran ló kà ní Zaria. Bí Lassa bá bẹ́ sílẹ̀, bí àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu bá wọlé bó ṣe wọlé ní Kaduna ní 2006, dókítà ẹran ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá tàbí kí wọ́n wá pẹ̀lú ti ènìyàn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló wá. Ìyá kan láti Òdò-Ẹ̀rẹ̀ béèrè bóyá kí ọmọ òun tó wà ní ipele 300 fi kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, kó tún JAMB ṣe. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀." Ọdún kan àti díẹ̀ ló kù fún un, dìgírì náà lè gbé e wọ ipele 200, òun sì ni Amẹ́ríkà máa béèrè bó bá di pé ó fẹ́ lọ síbẹ̀. Mo fi kún un pé kí wọ́n má gbàgbé owó: ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà a máa gba ju 40,000 dọ́là lọ lọ́dún lọ́wọ́ ọmọ àjèjì, àwọn kan nínú wọn kò sì gba kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí wọn kò kà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó san owó kankan. Àárín oṣù kẹsàn-án ni VMCAS máa ń ti ìlẹ̀kùn fún àwọn tó máa wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kó ti mú àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún un kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí òun ti lè rí ẹni tó ń yẹ ẹran wò ní ilé ìpẹran Kàbà. Mo sọ fún un pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni kó ti wà níbẹ̀, kó wọ bàtà òjò.